Aṣeyín Ń Wá Písítìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo sínú páálí, Aṣeyín ti yẹ fóònù rẹ̀ wò nígbà mọ́kànlá kí omi tó hó. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn tó ń gbé ọjà tó rà lórí ayélujára bọ̀ fi ránṣẹ́ lánàá náà ló ṣì wà lójú rẹ̀: "Ẹrù yín ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí." Ó kà á, ó fi fóònù sápò, ó jókòó, ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wọlé, ó tún kà á, bí ẹni pé ẹrù náà lè ti súnmọ́ ilé láàárín ìgbà tí òun fi lọ tí òun fi bọ̀.

"Bàbá Àkọ́bí," ni ìyàwó rẹ̀ wí láìgbójú sókè, "ẹ jókòó, tàbí kí ẹ dúró. Atẹ́gùn tí ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ń gbé bébà tí mo fi ń wé ife lọ."

"Mo fẹ́ mọ ibi tó dé ni."

"Ó dé ibi tó dé. Ojú yín ò lè fà á wá."

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Aṣeyín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, inú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló ti ń ṣe eyín fún àwọn tí eyín tiwọn ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn dókítà eyín á fi àwòṣe ẹnu aláìsàn ránṣẹ́ sí i. Òun á jókòó ti iná, á fi ìda mọ eyín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa fi irin ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n títí kò fi ní fi ìbú irun orí kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín káàkiri ìlú tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà mìíràn tó bá wà lórí ìlà ní báńkì, tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, á yọ́jú wo ẹnu onítọ̀hún, á sì wí nínú ara rẹ̀ pé: "Ti òkè, lápá ọ̀tún. Èmi ni."

Ọdún tó kọjá ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n tó pọ̀. Ẹni tó ń kọ ebè lè fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ dalẹ́ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò wúlò fún aṣeyín. Eyín méjì kọ́kọ́ padà wá pé kò bá ẹnu mu. Mẹ́rin tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, kò sì sí dókítà tó sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí ojú ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ta àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Irin ìwọ̀n nìkan ni kò tà.

Àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń gbé ní ìsọdá odò nínú ìlú kan náà, sọ pé ilé ti tóbi jù fún ẹni méjì. Ó bá wọn rí yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé kan tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Wọ́n san owó ilé náà, wọ́n sì mú ọjọ́ tí wọn yóò kó lọ: ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ó wá ku alùpùpù.

Alùpùpù náà dàgbà ju àkọ́bí lọ. Àlòkù ni Aṣeyín rà á nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, ilé iṣẹ́ tó sì ṣe é ti kógbá sílé kí àkọ́bí tó ká eyín àkọ́kọ́. Ó ní ìjókòó aláwọ̀ dúdú tó ti là, táǹkì epo tó rí roboto bí ikùn ìkòkò, àti ẹ̀ńjìnnì oní-písítìn kan ṣoṣo tó máa ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń fọwọ́ lu ìrọ̀rí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀ńjìnnì náà ti gan pa lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì tì í wálé. Láti ìgbà náà, abẹ́ tapólì ló ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó Aṣeyín kì í pè é ní alùpùpù. "Orogún mi" ló ń pè é. "Orogún tí kì í dáná, tí kì í gbálẹ̀, tó jẹ́ pé epo ló ń mu."

Nígbà tí yàrá iṣẹ́ ti di títì, Aṣeyín ká tapólì kúrò lórí orogún, kò sì tíì dá a padà láti ìgbà náà.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì pariwo sọ ọ́. "Bàbá Àkọ́bí, yàrá méjì là ń kó lọ. Mi ò ní kó irin òkú lọ sílé tuntun. Tí nǹkan yìí bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ó ti di ará ilé nìyẹn, mi ò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé a máa gbé e ni, ẹni tó ń ra irin àlòkù lójú ọ̀nà yẹn á wá gbé e."

"Sátidé?"

"Sátidé."

Ẹni tí kò bá mọ Aṣeyín á ní kí ni alùpùpù kan jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àkọ́bí náà mọ̀, òun alára sì mọ̀ jù wọ́n lọ. Oṣù méjì ṣáájú, ó lọ lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ àkọ́bí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti tú fáànù wọn, ó ti tú aago ara ògiri, ó sì ti yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná kúrò lára férémù pé ó ń dún. Fáànù nìkan ló rí tò padà pé. Ọkọ àkọ́bí fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé kò sí ìwé tí ẹ lè máa kà ni?" Aṣeyín rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa. Ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá méjì yẹn pẹ̀lú ọwọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni ò níṣẹ́ fún mọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí tí ọlọ́jọ́ á fi dé. Alùpùpù yìí ni iṣẹ́ tó kù fún ọwọ́ rẹ̀.

Wíwá pàátì alùpùpù àtijọ́ lórí ayélujára kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú, ẹni tó ń kánjú ló sì gbé e dání. Ojúlówó, èyí tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò pọ̀ láyé mọ́. Àwọn olówó tó ń gbé alùpùpù sí pálọ̀ bí òdòdó ti rà á tán, ìwọ̀nba tó kù sì gbówó lórí. Èyí tó kù fún irú Aṣeyín ni àfidípò, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń rọ kó lè bá ti ìṣáájú mu. Àfidípò kì í ṣe ayédèrú. Òun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe àfidípò eyín kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tó dára wà níbẹ̀, èyí tó sì dà bí amọ̀ gbígbẹ náà wà níbẹ̀, àwòrán kan náà sì ni wọ́n fi ń polówó méjèèjì.

Ó kọ́ ọgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́ pé bí olùtajà mẹ́wàá bá gbé àwòrán kan náà síta, kò sí èyí tó ní ọjà náà lọ́wọ́ nínú wọn. Ó kọ́ láti máa kọ̀wé sí wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tún un yà." Ẹni tó bá ní in á yà á. Ẹni tí kò ní in á dákẹ́, tàbí kó máa pè é ní "oníbàárà wa ọ̀wọ́n". Ó kọ́ láti fo gbogbo ìyìn àwọn tó ti rà á rí, kó lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tínú ń bí, nítorí ẹni tínú ń bí ló máa ń sọ ìwọ̀n. Ó kọ́ pé owó ọkọ̀ lè ju owó ọjà lọ, bí ìgbà tí èèyàn ra adìẹ kan tó sì háyà mọ́tò fún un. Báyìí ló ṣe rí wáyà bíréèkì, pọ́lọ́ọ̀gì, ṣéènì, àti àwọn awẹ́ bébà tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin kí epo má baà jò. Gbogbo wọn wọ́n pọ́ọ́kú, gbogbo wọn sì bá a mu.

Písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò sílíńdà, ló kẹ́yìn. Ti tẹ́lẹ̀ ti fọ́ létí, òrùka ara rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé tábìlì, ó fi irin ìwọ̀n rẹ̀ mú un lórí, níbi tọ́wọ́ ti tètè tó. Àádọ́rin mìlímítà géérégé. Ó wo ìkànnì ìtajà: "Fún irú alùpùpù báyìí: àádọ́rin." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún bí ìwọ̀n ṣe bára mu, ó sì rà á lọ́wọ́ olùtajà kan tó fi rúlà ya àwòrán. Èyí ni ẹrù tó ń retí.

Ọjọ́ Ajé ló dé. Aṣeyín gbà á lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gba ọmọ tuntun, kò sì dúró wá ọ̀bẹ, eyín ló fi fa páálí rẹ̀ ya. Ó dán, ó wúwo tó bó ṣe yẹ. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì rọra tì í sínú ihò sílíńdà tí yóò máa gbé.

Kò rọra wọlé. Ó já wọlé ni. Nígbà tí Aṣeyín mi sílíńdà náà, písítìn tuntun lu ọ̀tún, ó lu òsì, gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀, bí kóró inú àgbọn gbígbẹ.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró náà láti ilé ìdáná. Ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́.

"Kò mú un?"

"Kò mú un."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣeyín ì bá fẹ́ kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wí kò ju pé, "Ọjọ́ márùn-ún ló kù o," ó sì padà sídìí àwo. Lọ́jọ́ yẹn, Aṣeyín rìn yí ilé náà ká títí ìyàwó rẹ̀ fi sọ pé bí onílé bá rí ipasẹ̀ tó là sílẹ̀, á ní kí àwọn san owó ọ̀dà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kó písítìn méjèèjì àti sílíńdà sínú báàgì, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ayírin. Obìnrin náà ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bóòtù àti nọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń de irin ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí irin. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wó, ó ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọn, ó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ kún fún fùlẹ̀fúlẹ̀ irin tí ẹ̀rọ fá, tó ká bí irun ọmọ tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: kò sí irú ìdọ̀tí irin tí èèyàn máa wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà tí kò ní rí. Òun ló bá Aṣeyín fọ inú sílíńdà náà mọ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

"Ẹ kúùṣẹ́ o, mà."

"Ọ̀gá Eléyín! Kí ló dé tójú rẹ rí báyìí? Ta ló gé ọ jẹ?"

Aṣeyín kó ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá Ayírin mú písítìn tuntun, ó jù ú sínú ihò rẹ̀, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó wá mú ti àtijọ́, tí èéfín ọdún gbọọrọ ti bo orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o gbé e wá?"

"Ẹ ní kí n yẹ orí rẹ̀ wò kí n tó ra nǹkan."

"O yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo fi irin ìwọ̀n mú un, mà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wọn nǹkan tó kéré jù báyìí lọ."

"Mi ò bi ọ́ lọ́jọ́ orí." Ó rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí písítìn náà. Ó nù ún, ó fi èékánná fá a, ó tún un nù. Díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà méjì tí wọ́n gbẹ́ sára irin yọ jáde lábẹ́ èéfín: márùn-ún àti òdo. "Kí nìyí?"

"Àádọ́ta."

"Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún: ìdajì mìlímítà nìyẹn. Ẹnì kan ti fẹ ihò yìí rí, kí ọwọ́ rẹ tó tẹ alùpùpù náà. Ó fi písítìn tó fi ìdajì mìlímítà tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ sí i, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ibo lo ti wọ̀n ọ́n?"

"Lókè níbí."

Ìyá Ayírin rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́, tí òwú tó fi so ó mọ́ ọrùn gbé e dúró. "Háà, Eléyín! Písítìn ò rí bí eyín o. Orí rẹ̀ ni iná ń jó lé, ohun tí iná bá sì ń jó á wú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe orí rẹ̀ tín-ín-rín ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ là ń wọ̀n. Wo èmi tí mo dúró níbí: tí aránṣọ bá fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì fún mi, ṣé orí mi ló máa wọ̀n?"

Aṣeyín fi ìka kan nọ́ńbà méjèèjì náà. Kì í ṣe ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbéraga ni, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Mo rí èyí tó tóbi ní ìdajì mìlímítà, mà, nígbà tí mò ń wo ojú ìkànnì. Ẹyọ kan ló kù, ojúlówó. Owó rẹ̀ lè ra alùpùpù tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò sì fi rìn."

"Orúkọ alùpùpù lo fi ń wá a."

"Kí ni ǹ bá fi wá a?"

Ìyá Ayírin fa bébà kan yọ, ó ní kó mú irin ìwọ̀n rẹ̀ wá. Wọ́n wọn ìsàlẹ̀ písítìn àtijọ́ náà. Wọ́n wọn ìbú pínnì tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n wọ̀n láti àárín ihò pínnì dé orí. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́ta náà sílẹ̀ gàdàgbà. "Ayé ti gbàgbé orúkọ yẹn. Má pè é mọ́. Àwọn tó ń rọ písítìn ò mọ̀ bóyá alùpùpù lo máa fi sí tàbí ẹ̀rọ ìfamisókè. Ìwọ̀n ni wọ́n mọ̀. Ìwọ̀n ni kí o pè."

Láti ìgbà náà di ọ̀sán Ọjọ́rú, Aṣeyín ń pe ìwọ̀n. Ó jókòó sórí páálí ìwé nítorí wọ́n ti kó àga. Fóònù ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́ta náà, ó rí táyà. Ó tún un tẹ̀, ó fi "písítìn" ṣíwájú, ó rí páìpù omi. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn kọjá, ó ń gbé nǹkan kúrò lábẹ́ rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ó fi ku òun, páálí kan, àti ògiri.

"Ẹ dìde, mo fẹ́ fi okùn di èyí tí ẹ jókòó lé."

Ó dìde, kò gbójú kúrò. Ojú ewé kẹsàn-án ló wà. Ó kọjá ohun kan, ó padà sí i. Písítìn ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fa omi odò sóko. Ìbú: ó pé. Pínnì: ó pé. Gíga: ó fi mìlímítà méjì lé. Òrùka rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ èyí tó já a kulẹ̀, inú ìlú yìí ni ẹni tó ń tà á sì wà. Ó kọ̀wé sí i. Kò fèsì. Ó tún kọ ọ́. Kò fèsì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọlọ́jà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Aṣeyín ti dúró síwájú àdírẹ́sì náà.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu. "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún?"

"Mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Mo rò pé oko yín ló ń jóná."

Ó gbé písítìn náà jáde látinú lọ́ra. Aṣeyín fa irin ìwọ̀n yọ, ó dojú písítìn délẹ̀, ó sì wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Irú ẹ̀rọ ìfamisókè wo lẹ ní, Bàbá?"

"Alùpùpù ni."

Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ̀rọ omi ni mo tà á fún o. Tó bá bú gbàmù lábẹ́ yín, ẹ má ní mi ò sọ."

"O sọ. Mo gbọ́. Dì í fún mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Ayírin gbé písítìn náà lé ẹ̀rọ, ó fá mìlímítà méjì tó lé kúrò lórí rẹ̀. Irin funfun ń tú jáde bí èèpo ọsàn tí a fi ọ̀bẹ bó. Nígbà tó tì í sínú sílíńdà, ó rọra wọlé pẹ̀lú ìmí kékeré, bí ẹni tó jókòó sórí tìmùtìmù.

Ó wá ku okùn irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹnu ihò pínnì kó má baà yọ. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, bí ó bá sì yẹ̀, ẹ̀ńjìnnì bàjẹ́. Aṣeyín mú un. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Okùn irin náà fò sílẹ̀ sáàárín fùlẹ̀fúlẹ̀ irin. Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Ó tún fò. Ìyá Ayírin, tó lè ṣe é láìwo ibẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní òun fẹ́ wá epo tí òun máa fi sára ẹ̀rọ, ó sì pẹ́ gan-an kó tó rí epo tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ohun kan dún tẹ́ẹ̀. Ó ti wọlé.

"Ó wọlé, mà."

"Ta ló bi ọ́?" ni obìnrin náà wí, ó sì gbé epo wá.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí àwọn agbẹ́rù ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde ni Aṣeyín ń ta alùpùpù lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ta á, ó ta á. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà, ó tún ta á. Àwọn agbẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. "Ọgbọ̀n, Bàbá! Ẹ kú ìdárayá o!" Ẹni tó ń ra irin àlòkù pàápàá ti gbọ́ pé wọ́n ń kó lọ, ó ti fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi ta eyín. Òógùn wọ Aṣeyín lójú. Ó ti pé méjìlélógójì kó tó rántí pé òun kò tíì ṣí ẹnu páìpù epo.

Ó ṣí i. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan.

Gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì-gbì-gbì.

Èéfín búlúù bo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn agbẹ́rù hó yèè. Ẹni tó ń ra irin gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó Aṣeyín, tó ti jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù, sọ̀kalẹ̀, ó wá dúró nínú èéfín náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá.

"Ẹ gbọ́, ta ló máa jẹ́rìí pé kò wọ mọ́tò dé ibẹ̀?"

"Àkọ́bí á rí i tó bá dé."

"Àkọ́bí á gba ohunkóhun tí bàbá rẹ̀ bá sọ gbọ́." Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ rọra o. Orogún mi ò tíì mọ̀ mí dáadáa."

Rírọra kò ṣòro, nítorí písítìn tuntun kò gbọdọ̀ sáré: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ inú ilé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ń kọjá wọn. Àwọn ọmọdé kan sáré tẹ̀ lé wọn, ó sú wọn, wọ́n sáré kọjá. Ní ìgbà mẹ́ta, Aṣeyín dúró kí ẹ̀ńjìnnì lè tutù. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, kò lè jókòó. Ó ń tẹ̀ kiri, ó ń gbọ́ bí irin gbígbóná ṣe ń dún ta-ta-ta, ó ń bẹ̀rù pé kò ní jí mọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó jí.

Ẹ̀ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ síwájú, ó gbé e lé ọwọ́ rẹ̀ tó di alùpùpù mú. "Kò gbọ̀n," ni ó pariwo sí i létí.

"Gbogbo ara ọkọ̀ ló ń gbọ̀n," ni Aṣeyín pariwo padà. "Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà ṣáájú ilé tuntun. Alùpùpù náà gùn ún dé ìdajì, ohùn rẹ̀ wá ń lọ sílẹ̀. Obìnrin náà kò dúró kí wọ́n bẹ òun. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó sì ṣíwájú wọn dé ẹnu géètì. Àkọ́bí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin olùṣọ́ tó ń tọ́jú ọgbà ilé náà, ọkùnrin kan tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. Alùpùpù wá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, èéfín ń bá a bọ̀, ó sì kú fúnra rẹ̀ bó ṣe dé àárín ọgbà.

Olùṣọ́ náà yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ má bínú o, mà. Àwọn onílé ní kìkì ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló lè dúró sínú ọgbà. Wọn ò fẹ́ irin àlòkù."

Aṣeyín fa àkísà yọ, ó ń nu táǹkì epo.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ta ní ń jẹ́ irin àlòkù? Ẹ̀yin lẹ gbé e wá?"

"Rárá o, mà."

"Ọmọ yìí àti ọkọ rẹ̀, àwọn ló gbé e wá?"

"Rárá, ṣùgbọ́n—"

"Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì yẹn."

"Mà?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Kí ẹ lè sọ fún àwọn onílé bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin náà na ìka kan. Ó fà á padà wéré, ó fi sẹ́nu. Àkọ́bí yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí i tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni olùṣọ́ náà wí, ìka ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da epo sílẹ̀ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ilẹ̀ yẹn ni."

"Epo kẹ̀? Ọkọ mi máa ń fọ̀ ọ́ bí àwo."

Aṣeyín tì í lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ńjìnnì, níbi tí irin méjì ti pàdé, ẹ̀kán epo kan ń wú, ó ń dán, ó ti fẹ́ bọ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá ohunkóhun tó máa tẹ́ síbẹ̀. Páálí ẹrù wọn kan wà nítòsí; ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya, ìró rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń ta awẹ́ bébà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró páálí náà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó sún sí ọ̀tún díẹ̀, títí ó fi dí àtẹ̀gùn mọ́ ọkùnrin náà lójú, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ wá sọ fún mi ná, bọ̀dá, omi ibí yìí, àárọ̀ ló ń yọ ni àbí ìrọ̀lẹ́?"